Ohùn Méjì, Orúkọ Kan: Ìtàn Àwọn Ìbejì Líjàdù

Ní ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ Afrodisia ní Èkó gbé àwo orin kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Horizon Unlimited. Àwọn ìbejì méjì ló kọ ọ́, Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù. Ọ̀kan nínú àwọn orin inú rẹ̀ ni "Orere-Elejigbo". Ọmọ Ìwó tó bá ka àkọlé yẹn lára páálí àwo kò ní í wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Èjìgbò kò jìnnà sí wa ní Ìwó. A jọ ń ná ọjà, a sì jọ ń fẹ́ ara wa. Orin àtijọ́ ni, irú èyí tí ọmọdé ń gbè nígbà tí àgbà bá ń dá a. Àmọ́ lórí àwo yìí, gìtá oníná ló gbé e, àwọn obìnrin méjì sì kọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀fun kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Ìdí àwo ni mo dàgbà sí. Bàbá mi ní ìsọ̀ kékeré kan nítòsí ọjà Odò-Orí ní Ìwó, àwo orin ló ń tà níbẹ̀. Ìlú ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù ni ìlú wa, ìlú àpàlà àti sákárà sì ni pẹ̀lú. Ẹni tó bá wọlé láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, Haruna Iṣọ̀lá ló ń béèrè, tàbí Àyìnlá Ọmọwúrà, tàbí Yusuf Ọlátúnjí tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá L'Égbá. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó á wá ra Ebenezer Obey àti Sunny Adé. Ọ̀pọ̀ kò mọ orúkọ àwo tí wọ́n fẹ́. Wọ́n á kùn ún díẹ̀ lẹ́nu, bàbá mi á nawọ́ sókè, á sì fà á yọ. Àwo àwọn Líjàdù kò sí ní apá ibi tí ọwọ́ ti ń tètè dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi àti àwọn ọ̀dọ́ tíṣà ló ń rà wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni.

Bí ìsọ̀ bá dá lọ́sàn-án, èmi a gbé ọ̀kan lé orí gíramafóònù. Mo máa ń fi etí mọ́ àpótí agbóhùnjáde, kí n lè mọ èyí tó jẹ́ ohùn Táíwò àti èyí tó jẹ́ ti Kẹ́hìndé. Kò ṣeé mọ̀. Wọ́n á jọ gba ojú kan wọlé, ohùn á lé ohùn títí o kò ní í rí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan á yà díẹ̀ sókè, èkejì á dúró sójú ọ̀nà, wọ́n á tún padà pàdé ní òpin gbólóhùn láìsí pé ọ̀kan yára ju èkejì lọ. Bàbá mi, tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn orin onígìtá, a máa gbọ́rùn sókè láti gbọ́ apá ibi yẹn.

Ẹni tó mọ àṣà wa mọ ibi tí irú orin bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀. Kò sí ọmọ tí Yorùbá ń kọrin fún tó ìbejì. Láyé àtijọ́, ìyá ìbejì kì í jókòó sílé. Á pọn ọ̀kan, á gbé èkejì, á máa jó yí ọjà ká, àwọn ọlọ́jà á sì máa ta á lọ́rẹ. Bí àwọn àáfà ti ń wàásù tó ní Ìwó, mo ṣì rí àwọn ìyá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Odò-Orí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ̀bùn méjì dọ́gbà ni wọ́n ń fún wọn: bí a bá fi kọ́bọ̀ fún Táyé, a gbọ́dọ̀ fi kọ́bọ̀ fún Kẹ́hìndé. Orin wọn náà kò gbọdọ̀ gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Àwọn Líjàdù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ ìdọ́gba ohùn nílùú òyìnbó. Inú ilé tí wọ́n bí wọn sí ni wọ́n ti bá a.

Ní ìlú Jos ni wọ́n ti bí wọn, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1948. Ìbàdàn ni wọ́n gbé dàgbà, ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ sí Ìwó kò ju ìrìn àárọ̀ ọjọ́ kan lọ nínú ọkọ̀. Mọ̀lẹ́bí Fẹlá Aníkúlápó ni wọ́n. Ìbàdàn ìgbà náà kì í ṣe ìlú kékeré nínú ọ̀rọ̀ orin: ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959, rédíò sì ń gbé háílàìfù, jùjú àti orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wọ inú ilé. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ obìnrin olórin máa ń parí sí, ìyẹn gbígbè fún àwọn ẹlòmíràn nílé ìgbohùnsílẹ̀. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, wọ́n ti ṣe àwo kékeré tiwọn fún ilé-iṣẹ́ Decca. Wọn kò tí ì pé ọmọ ọdún méjìlélógún.

Ọdún 1972 ni òkìkí wọn kọ́kọ́ rékọjá òkun. Ginger Baker, onílù ará Gẹ̀ẹ́sì tó ti lu ìlù fún ẹgbẹ́ Cream, tó sì wá gbé ní Èkó, kó àwọn olórin Nàìjíríà jọ sínú ẹgbẹ́ kan tó pè ní Salt. Àwọn ìbejì Líjàdù wà nínú wọn. Wọ́n lọ kọrin ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, lásìkò ìdíje Òlíńpíìkì ọdún yẹn. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni ogun abẹ́lé wa parí. Epo rọ̀bì ti ń mú owó wọlé, àwọn ọ̀dọ́ Èkó, Ìbàdàn àti Ẹnúgu ti ń ra gìtá oníná, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì sì ń hù káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ náà dáadáa: ọkùnrin ni gbogbo wọn. Obìnrin tó bá wà níbẹ̀, ijó ló ń jó tàbí kó máa gbè.

Ohun tó mú àwọn Líjàdù yàtọ̀ nìyẹn. Orúkọ tiwọn ló wà lójú páálí, orin tí àwọn fúnra wọn hun ni wọ́n ń kọ. Àwo Urede jáde ní 1974. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Afrodisia gbé àwo mẹ́rin jáde ní ọdún mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Biddy Wright, ọ̀gá olórin tó lè lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun èlò, ló bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀. Wọ́n ń fi Yorùbá kọrin, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin. Lórí àwo kan náà, ẹ lè gbọ́ orin ìfẹ́, orin nípa òfófó ẹnu aládùúgbò, àti orin nípa báyé ṣe nira fún tálákà nígbà tí owó epo ń yọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹni ńlá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orin àtijọ́ á dé, tí gìtá á fi ẹ̀yìn sí i, tí ìlù á máa sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀.

Mo ti sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rà wọ́n ní ìsọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Nínú iṣẹ́ orin Yorùbá, ẹnì kan ló ń ni ẹgbẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń fi pe ẹgbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni owó àwo àti owó òde aríyá ń wọ̀, òun ló sì ń pín in bó ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Gìtá, ẹ̀rọ agbóhùnsókè àti mọ́tò, tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Elégbè tó bá ti mọ iṣẹ́ tán á fọgbọ́n jáde, á lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Bí orin wa ṣe ń bímọ nìyẹn: Sunny Adé jáde láti inú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, ọmọ Iléṣà tí a wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, Obey jáde láti abẹ́ Fátáì Rolling Dollar. Ìdásílẹ̀ ni, kì í ṣe ìjà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọ̀gá bá jẹ́ méjì.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí. Ṣẹ́gun Adéwálé, ọmọ Òṣogbo, àti Shina Peters jọ wà lọ́dọ̀ Prince Adékúnlé. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n jọ jáde, wọ́n so orúkọ wọn pọ̀, ẹgbẹ́ náà sì di Shina Adewale and the Superstars International. Gìtá wọn yára, ó ta sánsán, àwọn ọ̀dọ́ sì gbà á. Àwo wọn kì í pẹ́ ní ìsọ̀ bàbá mi; bí ó bá dé lọ́jọ́ Ajé, kò ní í rí ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ ni wọ́n jọ lò kí oníkálukú tó gba ọ̀nà tirẹ̀. Adéwálé pe tirẹ̀ ní Yo-Pop, ilé-iṣẹ́ Stern's sì gbé àwo rẹ̀ dé London. Shina Peters fi ọ̀pọ̀ ọdún làkàkà kí àwo rẹ̀ Ace tó jáde ní 1989 tó sì gba gbogbo ìlú. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fógún ọdún. Àwọn méjèèjì kò gbàgbé orin. Ibùjókòó ọ̀gá kan ṣoṣo tó wà nínú ẹgbẹ́ jùjú ni kò gba ẹni méjì.

Àwọn ìbejì pàápàá kì í bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro ọ̀gá méjì yìí. Peter àti Paul Okoye, tí wọ́n ń jẹ́ P-Square, ní Jos bákan náà ni wọ́n ti bí wọn, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1981. Gbogbo Áfíríkà jó sí orin wọn. Ní 2017 wọ́n pínyà, ní 2021 wọ́n parí ìjà, ní 2024 wọ́n tún pínyà. Kò sí ẹni tó gbọ́ pé ohùn wọn ò bára mu mọ́. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kò sí nínú orin rárá: ta ni yóò máa bójú tó owó, ta ló kọ orin, orúkọ ta ni yóò ṣáájú.

Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù kò pínyà. Mo fẹ́ kí ẹ rò ó wò. Wọ́n ju ogójì ọdún lọ tí wọ́n jọ jẹ́ orúkọ kan, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọ̀kan ṣe àwo ìdágbé kí ó fi hàn pé òun lòun ń gbé èkejì. Iṣẹ́ ni ó já wọn jù sílẹ̀. Iṣẹ́ àwo kò ní àyè fún ọ̀gá méjì, kò sì ní àyè fún ọ̀gá obìnrin tó ń lo gìtá. Obìnrin lè kọ wákà: Batile Àlàkẹ́ ti la ọ̀nà rẹ̀, Sàláwà Àbẹ̀ní sì ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1976, ọdún kan náà tí Danger jáde. Ìlú mọ ibi tí yóò gbé wákà sí: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ayẹyẹ àwọn tó ti Mẹ́kà dé. Ní Ìwó, èwo nínú àwọn òde wọ̀nyí ni a ó ti pe àwọn obìnrin méjì onígìtá? Kò sí. Kò sí òde, nítorí náà kò sí owó òde. Owó àwo nìkan ló kù. Owó àwo yẹn gan-an sì ni àwọn méjèèjì ń sọ láìfi bò pé kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn bó ṣe yẹ, àti pé ọkùnrin kò ní í gba irú rẹ̀.

Jeremy Marre, ará Gẹ̀ẹ́sì tó wá ya fíìmù Konkombé nípa orin Nàìjíríà, fi wọ́n sí i ní 1979, pẹ̀lú Fẹlá, Sunny Adé àti I. K. Dairo. Nínú fíìmù náà, ẹ ó rí àwọn obìnrin méjì tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, tí wọn kò sì tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdún yẹn náà ni àwo wọn tó kẹ́yìn fún Afrodisia jáde.

Àwọn ọdún 1980 kò ṣàánú ẹnikẹ́ni nínú òwò yìí. Kásẹ́ẹ̀tì dé, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ méjì lè da àwo kan kọ sí ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba pè ní SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986, náírà wó lulẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ àwo tó ti òkèèrè wá ń palẹ̀ mọ́. Páálí àwo ní ìsọ̀ bàbá mi ń dín kù lọ́dọọdún títí kásẹ́ẹ̀tì fi gba gbogbo pẹpẹ. Àwọn Líjàdù ti kọjú sí Amẹ́ríkà nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ Shanachie ti gbé àwo wọn kan, Double Trouble, jáde níbẹ̀ ní 1984. Ní 1988 wọ́n bá ẹgbẹ́ Sunny Adé kọrin ní New York, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ní 1996, Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó sì fi ọ̀pá ẹ̀yìn ṣèṣe gidigidi. Orin dúró. Táíwò kò lọ wá elégbè mìíràn. Ó jókòó ti èkejì rẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni àwọn tí kò bá wọn jẹun rí wá ń jẹ nínú iṣẹ́ wọn. Ní 2006, Nas, olórin ráàpù ará Amẹ́ríkà, lo orin "Life's Gone Down Low" inú Danger láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ ọ kò mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ló ni ohùn náà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo àkọ́kọ́ kiri. Ní 2011 àti 2012, ilé-iṣẹ́ Knitting Factory tún àwo mẹ́rin ti Afrodisia gbé jáde. Ní 2014, nígbà tí wọ́n kó àwọn olórin jọ láti ṣe ayẹyẹ orin William Onyeabor, ará Ẹnúgu, àwọn ìbejì Líjàdù tún fara hàn lórí ìtàgé, àwọn méjèèjì nínú aṣọ kan náà, wọ́n kọrin bí wọ́n ti ń kọ ọ́. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àwọn tó wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò tí ì sí láyé nígbà tí Sunshine jáde.

Kẹ́hìndé kú ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2019, ní ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Numero Group ní Chicago tún Horizon Unlimited gbé jáde. Ó ṣojú Táíwò. Ọdún márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn tí "Orere-Elejigbo" kọ́kọ́ jáde, ó tún di ohun tí wọ́n ń wá ní Amẹ́ríkà àti ní London.

Inú mi dùn sí i, àmọ́ inú mi kò dùn tán. Kò yẹ kó jẹ́ pé Chicago ni yóò máa rán Ìwó létí orin Èjìgbò. Ohun tó fà á ni pé a ti jẹ́ kí òde aríyá nìkan ṣoṣo máa sọ fún wa ẹni tó jẹ́ olórin. Ẹni tí a kò lè lẹ owó mọ́ níwájú orí, a kì í ka iṣẹ́ rẹ̀ kún. Ọ̀nà yẹn ni a fi pàdánù àwọn Líjàdù, ọ̀nà yẹn náà la ó fi pàdánù àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ gìtá lónìí ní Yunifásítì Bowen níbí àti ní Òṣogbo bí a kò bá ṣọ́ra. Mo sì ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jọ ń kọrin ní méjì-méjì: kí ẹ tó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó ni orin, bí owó yóò ṣe pín, àti bí orúkọ yóò ṣe jẹ́. Orin kì í ya ọ̀rẹ́; owó tí wọn kò sọ̀rọ̀ lé lórí ló ń yà wọ́n.

Ẹ̀yin ará Ìwó, ẹ wo orí àjà yín. Mo mọ àwọn àwo tó jáde láti ìsọ̀ wa, mo sì mọ̀ pé gbogbo wọn kò tí ì fọ́. Bí ẹ bá rí àwo Líjàdù kan, ẹ má tà á fún àwọn tó ń fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ kó o lọ sókè òkun. Ẹ nù ún, ẹ fi pamọ́, ẹ gbé e fún ilé-ìkàwé tàbí fún rédíò tó wà nítòsí yín kí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́, kí wọ́n sì dá orúkọ àwọn tó ni ín: Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù.